Gìtá Tó Sá Kúrò Létí Bọ̀dá Mi

Láyé ìgbà tí kásẹ́ẹ̀tì gbòde, bọ̀dá mi tó ń ṣòwò l'Ábíjáànì wálé sí Ẹ̀jìgbò fún Iléyá. Wọ́n mú iápíìsì kan dé, orí ẹ̀ jẹ́ méjì bíi hóró ẹ̀wà tí wọ́n ń ki bọ etí, wọ́n sì ń fi ṣe fáàrí káàkiri àdúgbò. Wọ́n ní kò sí irú ẹ̀ láti Másífà títí dé Ọ̀là. Èmi náà ní tèmi, ẹyọ kan ṣoṣo tó bá rédíò mi wá. Inú bí mi, mo ní ká fi wọ́n wéra.

A kọ́kọ́ fi kásẹ́ẹ̀tì jùjú kan sínú rédíò mi, mo fi iápíìsì tèmi gbọ́ ọ: ìlù, gìtá, ohùn, gbogbo ẹ̀ ló pé. Ó wá kan tiwọn, a fi kásẹ́ẹ̀tì yẹn sínú rédíò tí àwọn náà gbé dé. Bọ̀dá ki ọ̀kan bọ̀ mí létí, wọ́n ki ìkejì bọ etí ara wọn.

"Ṣé o gbọ́ gìtá yẹn?"

"Mi ò gbọ́ gìtá kankan, sà. Ìlù nìkan ni."

Wọ́n kọ́kọ́ fi Faransé bú mi, kí wọ́n tó ní etí mi ló dí. Mo ní ká pààrọ̀ ẹ̀. Bá a ṣe pààrọ̀ ẹ̀ báyìí, gìtá ń dún gaara létí mi, ìlù nìkan ló wá kù létí Bọ̀dá. Bọ̀dá fajú ro, wọ́n ní mo ti bà á jẹ́.

"Bọ̀dá, ẹ ki méjèèjì bọ etí yín."

Wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí látọjọ́ tí wọ́n ti rà á. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo wèrè.

"Tí mo bá fi dí etí méjèèjì, báwo ni mo ṣe máa gbọ́ báwọn èèyàn ṣe ń yìn ín?"