Ẹran Tó Ń Fi Ìrù Tilẹ̀

Bébà ni iṣẹ́ wa ní Bàrígà, ọkọ mi àtèmi. Kì í ṣe bébà tí èèyàn ń kọ̀wé sí o. Èyí tó kù nílẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú bá ti gé etí ìwé wọn tán ni. Àwa á lọ kó o, a ó rẹ ẹ́ sómi, a ó gún un lódó, a ó pò ó mọ́ sítáàsì gbígbóná. Ọkọ mi ló ń gbẹ́ igi ní àwòrán ẹranko. Èmi á tẹ bébà tútù mọ́ igi náà lára, tó bá gbẹ, màá fi bíléèdì là á sí méjì, màá yọ igi kúrò nínú rẹ̀, màá lẹ̀ ẹ́ pọ̀, màá sì kùn ún lọ́dà. Kìnnìún, erin, ọ̀nì: ohun ìṣeré ọmọdé ni gbogbo wọn.

Kí ọkọ mi tó gbẹ́ ẹranko kan, òun fúnra rẹ̀ á kọ́kọ́ di ẹranko náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Tó bá fẹ́ gbẹ́ ọ̀bọ, á lóṣòó. Tó bá jẹ́ ẹṣin, á dìde, á na ọrùn. Ó ní tí ara èèyàn bá ti mọ ibi tí ìwúwo wà, ọwọ́ ò ní ṣì í gbẹ́. Mo máa ń fi í rẹ́rìn-ín gan-an. Ṣùgbọ́n ó ti tó bí ọdún kan tó ti jẹ́ pé ìjókòó ló fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ó ní ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí wo? Mo mọ̀ pé ìbàdí ọ̀tún ń dùn ún. Mo ní ká lọ ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì, ọ̀nà ò jìn, ó ní òun ò fẹ́ kí dókítà kankan gé òun lẹ́sẹ̀.

Ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéjọba sílẹ̀ fún alágbádá ni, tí àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wálé. Obìnrin kan nínú wọn ṣí jẹ́lé-ó-sinmi sí Ọbáníkòró, ó ní ká ṣe dáínósọ̀ fún òun, ẹranko ńlá ayé àtijọ́ tó jọ alángbá. Ibo la ti fẹ́ rí dáínósọ̀? Ọkọ mi wo alángbá ara ògiri wa, ó gbẹ́ ẹ tóbi, ó gbé e nàró, ó fi ìrù rẹ̀ tilẹ̀ kó má baà ṣubú. Mo kùn ún láwọ̀ ewé. Ó wù wá.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i. Ó ṣí ìwé kan fún wa, àwòrán eegun ló kún inú rẹ̀, eegun gidi tí wọ́n wú nínú ilẹ̀, tó ti pẹ́ títí tó fi di òkúta.

“Ẹ wo ìbàdí ẹ̀, sà,” ó ní. “Abẹ́ ara ni ẹsẹ̀ ẹ̀ wà, kò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti alángbá. Orí wúwo níwájú, ìrù wúwo lẹ́yìn, ìbàdí ló ń gbé méjèèjì. Àwọn tó rí ipa ẹsẹ̀ wọn lára òkúta ò fi bẹ́ẹ̀ rí ibi tí ìrù ti wọ́lẹ̀.” Ó ní bíi tiwa yìí làwọn tó ń ṣe ohun ìṣeré lókè òkun náà ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀, pé eegun yìí ló jẹ́ kí wọ́n gbé ìrù kúrò nílẹ̀. Ó fi ìwé náà sílẹ̀ fún wa.

Ojú ọkọ mi ò kúrò lára àwòrán kan. Eegun itan ni, ó ti dá nígbà kan rí, ó sì ti so padà ní wíwọ́, ojú ibẹ̀ wú.

“Ìyàwó, ta ló tọ́jú eléyìí?”

Mo ní kò sẹ́nì kankan, ẹranko inú igbó ni.

“Ó sì jinná,” ó wí, ó pa ìwé dé bí ẹni tó jàre ẹjọ́.

Háà, inú bí mi! “Ẹran tó ti kú kí Ádámù tó dáyé lẹ wá ń fi ṣe dókítà?”

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó gbẹ́ èkíní bí ìwé ṣe wí, ìrù lókè, ara nà síwájú. A gbé e kalẹ̀, ó ṣubú. Mo rọ yẹ̀pẹ̀ sínú ìrù rẹ̀ kó lè wúwo, ó tún ṣubú, apá ọ̀tún ló ń dà sí. Ó gbẹ́ òmíràn, apá ọ̀tún náà ni. Ó ní bébà mi ni ò dọ́gba. Bébà mi kẹ̀! Bébà tí mo ti ń tẹ̀ látọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ. Mo gbé ẹran náà sójú oòrùn, mo wò ó dáadáa. Ẹsẹ̀ òsì ló ń gbé gbogbo ara. Tọ̀tún kàn fara kan ilẹ̀ lásán ni.

“Ẹ dìde,” mo ní. “Ẹ di dáínósọ̀ kí n rí i, bí ẹ ti máa ń ṣe.”

Ó ní kí n má yọ òun lẹ́nu.

“Màá yọ yín lẹ́nu. Ṣebí èmi ni mo fẹ́ yín.”

Ó dìde. Ó na ara síwájú, ó ká apá mọ́ àyà, ó gbé ara lé ẹsẹ̀ òsì. Mo ní, “Èkejì ńkọ́?” Ó wò mí, ó wo ilẹ̀. Ó gbé ara lé ọ̀tún.

Yéè! Igbe tó ké, gbogbo ará ilé ló sáré jáde. Ó ti wà nílẹ̀ láàárín èérún igi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Orí ẹní kan náà la jọ ń sùn, ó sì fi irú ìrora yìí pamọ́ fún mi! Mo ń sunkún, mo ń bínú sí i, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ náà la gbé e lọ Ìgbóbì. Wọ́n ya fọ́tò eegun rẹ̀, dókítà gbé e sójú iná. Orí eegun itan tó yẹ kó rí roboto ti rún, ó rí bíi búrẹ́dì tí eku jẹ. Dókítà ní ká ní a ti tètè wá ni.

“Kò lè jinná fúnra ẹ̀?” ọkọ mi bi í.

“Rárá, sà.”

Ọkọ mi ń wo fọ́tò náà bó ṣe wo ti inú ìwé yẹn.

Wọn ò gé e lẹ́sẹ̀. Ọ̀pá ni wọ́n fún un, wọ́n ní kò gbọdọ̀ dúró pẹ́ mọ́. Èmi ni mo wá ń di dáínósọ̀. Mo na ara síwájú, mo gbé ara lé ẹsẹ̀ méjèèjì, òun jókòó, ó ń wò mí, ó ń gbẹ́ igi. Ẹran náà dúró, kò mì. Obìnrin Ọbáníkòró yìn wá títí, ọkọ mi ò rẹ́rìn-ín.

Bí mo ṣe ń palẹ̀ mọ́, mo mú èyí àkọ́kọ́, aláwọ̀ ewé tó ń fi ìrù tilẹ̀, mo fẹ́ jù ú sínú báàfù tí a ń rẹ bébà sí, ká lè tún un gún.

“Ìyàwó, fi í sílẹ̀.”

“Ẹ ṣáà gbọ́ pé eegun ò wí bẹ́ẹ̀.”

Ó ní òun gbọ́. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀ ti ògiri, ó nawọ́ gba ẹran náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀.

“Jẹ́ kó máa fi nǹkan tilẹ̀,” ó ní. “Ó ń dùn ún.”