Omi Aago Mẹ́wàá

Ọkọ̀ ojú omi tí àbúrò mi obìnrin sanwó rẹ̀ fún wa ní ilẹ̀ Faransé dára púpọ̀. Màmá mi kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tí a tìtorí rẹ̀ lọ ni omi kan tó máa ń ti inú òkun wọ odò, tí yóò máa ti odò náà padà síbi tó ti ń bọ̀. Àwọn òyìnbó ń rìnrìn àjò wá wò ó. Lójú màmá mi, orí wọn ò pé.

Kí a tó kó wá sí Bódìjà, ẹ̀bá odò la ń gbé ní Baṣọ̀run. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni omíyalé wọlé, ó kó gbogbo fọ́tò wa lọ. Ti bàbá mi tó ti di olóògbé nìkan ló kù, torí pé orí kọ́bọ́ọ̀dù ló wà. Láti ọjọ́ náà ni màmá mi ti wé e sínú náílọ́ọ̀nù mẹ́ta, wọ́n sì gbé e padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ń gbé ní Bódìjà, òkè sì ni yàrá wọn. Bí mo bá ní kí a gbé e kọ́ sára ògiri, wọn á ní, "Nígbà tí omi dé, ṣebí ara ògiri náà ni àwọn yòókù wà?" Ó ń dùn mí. Mo ti ń gbàgbé ojú bàbá mi, n kò sì lè sọ ọ́ fún wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa wo omi náà, a ń jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́ nínú ọkọ̀ nígbà tí ọ̀gá ọkọ̀ kéde pé omi yóò dé ní aago mẹ́wàá. Àbúrò mi túmọ̀ rẹ̀. Màmá mi gbé ife tíì kalẹ̀.

"Wọ́n mọ aago tó máa dé, wọ́n sì jókòó tí wọ́n ń jẹun?"

Nígbà tí mo fi máa dé yàrá tí a ń sùn sí nínú ọkọ̀ náà, bàtà gbogbo wa ti wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, pẹ̀lú Bíbélì àti páálí bisikíìtì kan. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, yóò sá. Obìnrin tó ń tọ́jú yàrá kó wọn sílẹ̀. Màmá mi kí i kú iṣẹ́, wọ́n sì kó wọn padà sókè. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, wọ́n gbá báàgì wọn mọ́ àyà, a sì jọ gòkè lọ.

Ní aago mẹ́wàá, omi dé. Ìlà funfun kan yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń hó bọ̀. Ó gbé ọkọ̀ wa díẹ̀, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó kọjá. Kò ju orúnkún lọ. Àwọn òyìnbó pàtẹ́wọ́.

"Ṣé òun náà nìyí?" ni màmá mi wí.

Wọ́n jókòó, wọ́n ṣí báàgì, wọ́n tú náílọ́ọ̀nù kìíní, ìkejì, ìkẹta. Wọ́n gbé fọ́tò náà dání, wọ́n kọjú rẹ̀ sí odò.

"Ẹ wò ó, Bàbá wọn. Omi ni. Ó kọjá, kò mú nǹkan kan."

Mo bọ́ síwájú fọ́tò náà, mo kẹ́yìn sí omi tí a tìtorí rẹ̀ wá láti Ìbàdàn. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò. Mo ti gbàgbé pé wọ́n ní èjí.

"Yẹra," ni màmá mi wí, "o ń dí wọn lójú."

N kò yẹra.