Fọ́ọ̀mù Tí Mo Bá Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ

Ẹ má sọ fún mi pé kí n fara balẹ̀. Láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ló ń sọ pé sùúrù ni baba ìwà. Ẹ bá mi bi sùúrù léèrè bóyá òun náà ti fọ aṣọ aláìsàn fún ọdún méje rí!

Ọdún méje gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn. Afínjú ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́, tí àwọn tó kù ń yínmú sí, òun á rẹ ẹ́ sínú omi tútù, á fi ọṣẹ pa á, á máa bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọmọ: "Jọ̀ọ́, kúrò ńbẹ̀, àlejò ń bọ̀." Kì í lo omi gbígbóná. Ó ní omi gbígbóná ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ jókòó síbẹ̀.

Kó tó di afọṣọ, ọkọ̀ búrẹ́dì ló ń wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ibi tó ti ń dáhùn fóònù, ó kọ lu ọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́. Apá ọkùnrin náà kán. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá adájọ́ jiyàn, ó ní òun jẹ̀bi. Ó sanwó ìtanràn, wọ́n gba láìsẹ́ǹsì rẹ̀ fún ọdún kan, ó sì ń lọ wo ọkùnrin yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí apá fi jinná. Kò tún fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Ọdún mọ́kànlá rèé.

Lóṣù tó kọjá, ilé ìwòsàn gbé iṣẹ́ ìfọṣọ fún ilé iṣẹ́ mìíràn. Àwọn yẹn ní àwọn á gba gbogbo afọṣọ padà, àmọ́ kí kálukú kọ fọ́ọ̀mù, kí àwọn lè wádìí rẹ̀ wò. Ẹ̀gbọ́n mi gbé tiẹ̀ wá bá mi. Èmi ni akọ̀wé ilé wa láti kékeré. Èmi á kọ ọ́, ẹni tó ni ín á buwọ́ lù ú, kò sẹ́ni tó ń kà á.

Mo kọ ọ́ dé ìbéèrè kẹsàn-án: ǹjẹ́ ilé ẹjọ́ ti dá ọ lẹ́bi rí?

"Kọ ti ọkọ̀ búrẹ́dì síbẹ̀," ẹ̀gbọ́n mi ní.

Oníbàárà méjì ló jókòó tì wá. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀," mo ní. "Kí ló kan aṣọ fífọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́? Olè ni wọ́n ń wá."

"Àbúrò mi, wọ́n bi wá ni. Kọ ọ́."

"Ó dáa, mo ti gbọ́." Mo wá kọ "Rárá" síbẹ̀ gàdàgbà. Ó buwọ́ lù ú, ó ní kí ọwọ́ mi má rọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lẹ́tà dé. Wọ́n ti rí ẹjọ́ ọkọ̀ yẹn, wọn ò gbà á. Mo fa ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, ó di ọ́fíìsì wọn.

"Ọdún mọ́kànlá!" Mo lu tábìlì. "Ẹni tó ti jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ tán, ẹ tún fẹ́ nà án lẹ́ẹ̀kejì? Ẹ ò lójú àánú ni?"

Ọmọbìnrin tó jókòó níbẹ̀ jẹ́ kí n pariwo tán. Ó fa fọ́ọ̀mù náà yọ. "Mà, ẹjọ́ ọkọ̀ kọ́ ló dí wọn lọ́wọ́. Àwọn mẹ́ta tó ní irú ẹ̀ wà níbí, a gbà wọ́n. Ẹ ka ẹ̀yìn ìwé."

Ó wà lẹ́yìn ìwé lóòótọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ ọkọ̀ tó bá ti lé lọ́dún márùn-ún ò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àfi ẹni tó bá fẹ́ wakọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá purọ́, àwọn ò ní gbà á. Èmi tí mo máa ń yí inú aṣọ síta wò kí n tó gbé e fún oníbàárà, mi ò ṣí ìwé kan ṣoṣo wẹ̀yìn!

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo "Rárá" yẹn. Ó mọ ọwọ́ mi.

"Èmi ni mo kọ ọ́!" mo kígbe. "Òótọ́ ló ní kí n kọ! Èmi ni kẹ́ ẹ mú!"

"Ta ló buwọ́ lù ú?" ọmọbìnrin náà béèrè.

"Èmi ni," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. Ó bọ́ káàdì iṣẹ́ lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, "Ẹ ṣé o."

Ẹ gbà mí! Ẹ ṣé ti kí ni? Títì ni mo ti bú ilé iṣẹ́ yẹn, mo bú ẹni tó ń tẹ ìwé síwájú sẹ́yìn, mo bú adájọ́, mo bú oníkẹ̀kẹ́ tí ò ṣe mí ní nǹkan kan. Nígbà tó rẹ̀ mí, mo dojú kọ ẹ̀gbọ́n mi. "Àǹtí, ẹ bú mi. Ẹ gbá mi létí. Ẹ ṣáà ṣe nǹkan!"

Ó dúró. "Mo dìde nílé ẹjọ́ lójú gbogbo ayé, mo ní mo jẹ̀bi," ó ní. "Láti ọjọ́ yẹn, ojú ò tì mí mọ́. Ìwọ lojú ṣì ń tì nítorí mi, látọdún mọ́kànlá, mi ò sì mọ̀."