Ẹ Jẹ́ Kí Wọ́n Ké Ti Ìṣáájú Rẹ̀

Ní àárín àwọn ọdún 1990, wọ́n gbà mí sí ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ní Kàdúná. Bàbá mi ti gbà pé kí n lọ, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, alfa ńlá, ti Ìlọrin dé wá ṣe tàfsíírì ààwẹ̀ ní ilé wa ní Barakallahu, ní Kàdúná níbẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin kì í lọ sùn sí họ́sítẹ̀lì, pé Ọlọ́hun ti ní kí obìnrin jókòó sílé. Ọkàn bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Inú bí mi kọjá sísọ. Ẹ wò ó, èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ dá padà.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìdí tàfsíírì. Bí àwa ará Ìlọrin ṣe ń ṣe é, ajánásì ló ń ké Àlùkùráánì, á dúró, alfa á túmọ̀ rẹ̀. Ibi tí alfa bá ní kó ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí ajánásì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí Ọlọ́hun ti ní kí wọ́n jókòó sínú ilé wọn. Ó túmọ̀ rẹ̀, ó sì wojú bàbá mi.

Èmi náà kéwú. Láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì àwọn obìnrin, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ké ti ìṣáájú rẹ̀."

Màmá mi fà mí láṣọ. Ajánásì ń wojú alfa, ó ń dúró de àṣẹ rẹ̀. Mo bá ké e fúnra mi, mo sì túmọ̀ rẹ̀: àwọn ìyàwó Ànábì ni Ọlọ́hun ń bá wí níbẹ̀, ó ní wọn ò rí bí obìnrin mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ìrun àti sàká náà wà níbẹ̀. Ṣé ìyàwó Ànábì nìkan ló ń kírun?"

Ó mú mi gan-an. Àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa pé onímọ̀ kì í fi ẹsẹ kan ṣoṣo dájọ́: á wo ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún àti ohun tó fà á, á tún wo àwọn ẹsẹ yòókù.

"Rárá, Bàbá. Ọlọ́hun pàṣẹ ìrun àti sàká fún gbogbo wa níbòmíràn, léraléra. Níbo ló tún ti ní kí gbogbo obìnrin jókòó sílé?"

"Àwọn àgbà onímọ̀ kan sọ pé ó kan gbogbo obìnrin."

"Àwọn mìíràn ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ tiwọn náà fún bàbá mi."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí ajánásì máa ké ẹsẹ tó tẹ̀ lé e.

Bàbá mi ò já lu ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí láyé. Ó gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ dákun, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì kọjá ibẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ tiwọn."