Ibo-là-ń-lọ Gé Kéèkì fún Òkú Iṣẹ́

Kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ibo-là-ń-lọ. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Òun ni alábòójútó àwọn iṣẹ́ àkànṣe nílé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe àga àti bẹ́ẹ̀dì, kò sì sí iṣẹ́ tuntun tí ẹnikẹ́ni máa dá sílẹ̀ tí kò ní béèrè pé, "Ibo là ń lọ? Ṣé iṣẹ́ yìí ń bá wa lọ?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Òun kì í rẹ́rìn-ín. Ìbínú obìnrin yìí máa ń dé ọ́fíìsì kí òun fúnra rẹ̀ tó dé.

Ta ló ń bí i nínú tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀gá àgbà ni. Ọ̀gá àgbà yìí kan náà ló dìde níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀, tó ní àga kò tà mọ́, pé bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tó ń lọ sókè tó ń lọ sísàlẹ̀ ni kí gbogbo ọwọ́ pé lé. Ọsibítù ńlá kan ti ṣèlérí pé àwọn máa rà á, bí ó bá ti jáde kí òjò tó dé. Bí kò bá jáde, wọ́n á ti ilé ìjórin pa, àwọn jórinjórin á sì máa lọ sílé. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ ni ọ̀gá rí dígí níbì kan, ló bá fẹ́ ilé ìpàtẹ ọjà onídígí. Ó tún fẹ́ géètì tó ń dá ṣí ara rẹ̀. Ó tún fẹ́ àga ọmọdé tó ń kọrin. Àga tó ń kọrin! Ta ló bẹ̀ ẹ́?

Àṣà ilé-iṣẹ́ náà ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gé kéèkì, kì í ṣe ọjọ́ tó bá parí. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n bá sì ti jẹ kéèkì rẹ̀, èèwọ̀ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a dúró. Ẹ̀rín kún ara ògiri, ilé ìjórin ṣófo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ibo-là-ń-lọ wọ ilé ìjórin, ó bá bẹ́ẹ̀dì náà tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, àgbà jórinjórin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

"Bàbá, àwọn tó kù dà?"

"Wọ́n ti lọ jó irin géètì ọ̀gá. Wọ́n ní kí èmi náà máa bọ̀ wá ṣe ẹsẹ̀ àga olórin." Ó pòṣé. "Màdáámù, bí bẹ́ẹ̀dì yìí ò bá jáde, géètì yẹn gan-an ni wọ́n máa lé wa gbà jáde."

Inú bí Ibo-là-ń-lọ. Kò wọ ọ́fíìsì. Ọ̀dọ̀ oníkéèkì ló gbà lọ.

Nígbà tó gbé kéèkì náà wọ ìpàdé, ọ̀gá àgbà ti ń tún táì rẹ̀ ṣe nítorí fọ́tò. "Iṣẹ́ wo la fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"A ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan, sà. Òkú la fẹ́ sin." Ó gbé kéèkì náà kalẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé bẹ́ẹ̀dì ni ibi tí à ń lọ. Géètì ò lè gbé wa débẹ̀. Dígí ò lè gbé wa débẹ̀. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Àwa ò tiẹ̀ mọye eku tí à ń lé mọ́!"

Ojú ọ̀gá le koko. "Ó dáa. Tó bá jẹ́ pé a fẹ́ máa pa iṣẹ́, àga aláfẹ̀yìntì tìẹ ńkọ́? Ṣé ìyẹn ń bá wa lọ?"

Ọ̀gá mọ ibi tó máa dun obìnrin náà. Bàbá rẹ̀, káfíńtà, ló ya àwòrán àga náà kó tó kú, fún àwọn àgbà tí orúnkún ń dùn. Ibo-là-ń-lọ fúnra rẹ̀ ló gbé e wá síbi iṣẹ́. Fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri, ọ̀bẹ lọ́wọ́, eyín síta. Jórinjórin kan ń bẹ nídìí àga náà títí dòní. Ẹni tó ń bi gbogbo ayé ní ibo là ń lọ, kò bi àga bàbá rẹ̀ rí.

Inú tún bí i, sí ọ̀gá àti sí ara rẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ. "Tèmi la máa kọ́kọ́ sin." Ó gé ègé kan fún àga bàbá rẹ̀. Ó ti ọ̀bẹ náà sọ́dọ̀ ọ̀gá. "Ó kàn yín, sà."

Ọ̀gá gba ọ̀bẹ. Ó gé ti géètì, ó gé ti dígí. Ti àga olórin ló pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gé e. Kó tó di ọ̀sán, ìró irin ti ń dún nílé ìjórin. Bẹ́ẹ̀dì náà jáde kí òjò tó dé, kí ọkàn yín lè balẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kéèkì yẹn, Ibo-là-ń-lọ gbé díẹ̀ nínú kéèkì náà lọ fún ìyá rẹ̀.

"Ta ló ṣe ọjọ́ ìbí?" ni ìyá béèrè.

"Kò sẹ́ni tó ṣe ọjọ́ ìbí, Màámi. Mo pa àga Bàámi lónìí." Ó wá bú jáde. "Ọ̀gá yẹn ló fà á! Ká ní ó gbájú mọ́ nǹkan kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ ni!"

Ìyá gbé kéèkì náà sílẹ̀. "Bí iṣẹ́ oníbàárà ò bá tíì jáde, ṣé bàbá ẹ ń fọwọ́ kan tiẹ̀ ni? Ṣebí káfíńtà ni, orí àpótí la sì ti ń jẹun nílé yìí, láìní àga, títí ó fi kú."

Ibo-là-ń-lọ fẹ́ bínú, kò rí ẹni tó máa bínú sí. Ó fa àpótí kan sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó sì jókòó.