Ọṣẹ Tí Mo Dà Sílẹ̀ Lẹ́yìn Ṣọ́ọ̀bù Mi

Òórùn ọ́ìlì tó ti gbó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀nà ọ̀fun bí ọ̀rá ẹran tó ti dì. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Òkokomáìkò, n kò sì fẹ́ràn òórùn yẹn lọ́jọ́ kan. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, n ò tilẹ̀ parí rẹ̀, ṣùgbọ́n láti Ìyànà-Ìbà títí dé ẹnu Ọjà Àlàbá, kò sí mẹkáníìkì tó mọ́ tónítóní tó mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi ọwọ́ tí ọ́ìlì dì sí lábẹ́ èékánná jẹ ẹ̀bà. Tí mo bá ti rí i báyìí, màá gbé abọ́ tèmi kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni ìríra náà wà. Ibẹ̀ ni mo máa ń da ọ́ìlì dúdú tí mo bá fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì sí, bí gbogbo wa ti ń ṣe. Ilẹ̀ ibẹ̀ dú bí ìdí ìkòkò, ó ń rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, koríko kan kì í hù níbẹ̀. Tí òjò bá rọ̀, á máa dán bí ìdí eṣinṣin. Màmá onílé mi, opó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ń gbé ilé tó wà níwájú, kànga wọn kò sì ju ìgbésẹ̀ méjìlá lọ sí ibi tí mò ń da ọ́ìlì sí. Ọkọ wọn ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ kànga ọ̀hún kó tó kú. Omi rẹ̀ nìkan ni Màmá ń mu. Wọ́n ní omi inú ọ̀rá máa ń rùn bí ike lẹ́nu àwọn.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n wá nǹkan ṣe sí òórùn ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Iṣẹ́ mi nìyẹn."

"Ṣé kì í ṣe ẹnu lásán báyìí, mẹkáníìkì?"

Ọ̀lẹ ìbá da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Èmi mọ bí ọ́ìlì ṣe ń kúrò lára. Tó o bá bu omi sí ọwọ́ tó kún fún ọ́ìlì kó o tó fi ọṣẹ sí i, ṣe ni ọ́ìlì á kàn máa rìn kiri ọwọ́ rẹ. Ní gbígbẹ ni wàá ti da ọṣẹ olómi sí i, wàá ra á dáadáa, kó o tó bu omi lé e. Ọṣẹ á di ọ́ìlì mú, á sì fà á bá omi lọ. Gbogbo mẹkáníìkì ló ń fọwọ́ báyìí. Èmi nìkan ni mo ronú kàn án pé a lè fi fọ ilẹ̀.

Mo ra kẹ́ẹ̀gì ọṣẹ olómi mẹ́rin lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń pò ó ní Ìbà. Mo dà á sí ilẹ̀ gbígbẹ, mo fi ìgbálẹ̀ líle ha á wọnú ilẹ̀, mo wá ń tú omi lé e, dírọ́ọ̀mù lé dírọ́ọ̀mù. Ìfófó dúdú dìde, ó ń hó bí itọ́ ẹran tó ń kú lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹta, àwọ̀ ilẹ̀ ti padà. Mo pe àwọn mẹkáníìkì àdúgbò wá wò ó.

"Ẹ̀yin ni bàbá wa!" ni wọ́n ń pariwo. Mo gbà á. Ó tọ́ sí mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Màmá pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Abọ́ gààrí tí wọ́n rẹ wà níwájú wọn. Ọ́ìlì ń yí ká lójú omi gààrí náà, ó ń pa àwọ̀ dà bí òṣùmàrè, ìfófó kéékèèké sì lẹ̀ mọ́ etí abọ́.

"Jókòó. Mu ún."

"Màmá, mo ti jẹun láàárọ̀."

"Mo ní kó o mu ún. Ṣebí ìwọ lo fi epo sí i."

Mo gbé e sí imú. Òórùn ẹ́ńjìnnì gbígbóná àti òórùn ọṣẹ jọ wọ inú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sáré síta, mo bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà tí mo padà wọlé, omijé ń dà lójú Màmá, wọn ò pariwo.

"Ogójì ọdún tí ọkọ mi ti gbẹ́ ẹ," ni wọ́n wí, "kò rùn rí."



Oníbàárà mi kan, obìnrin tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ló là mí lójú. Ó wá gba jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, mo sì ro ẹjọ́ náà fún un.

"Ọ̀gá, ọṣẹ yín ṣiṣẹ́," ló wí.

"Mo mọ̀! Mo sọ fún wọn!"

"Ó ṣiṣẹ́ jù ni. Ó ti tú ọ́ìlì sílẹ̀ lára iyẹ̀pẹ̀. Ibo lẹ wá ní kó gbà lọ?"

Tí mo bá ń fọwọ́, mo máa ń gbé báàfù sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo fọ ilẹ̀, n kò gbé nǹkan kan sábẹ́. Kànga Màmá ni mo fi ṣe báàfù.

Ó kọ́ mi bí màá ṣe é, mo sì ṣe é ju bó ṣe kọ́ mi lọ. Mo gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ náà títí mo fi kan ibi tí kò rùn mọ́. Mo ń kó o sínú dírọ́ọ̀mù tí mo gé sí méjì, mo ń fi ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́ níbẹ̀, mo sì ń da omi rẹ̀ sínú kòtò tí mo tẹ́ tápólì tí omi kì í là kọjá sí. Mo ń fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ kí ọ́ìlì tó léfòó, mo wá ń fi agolo bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì. Obìnrin náà ní n kò gbọdọ̀ da omi tó kù sí gọ́tà, ọkọ̀ tó ń kó ẹ̀gbin olómi ló wá fà á lọ. Ẹ̀gbin yẹn wọ mí léèékánná, ó wọ mí nírun. N kò lè jẹ ọbẹ̀ tí epo bá léfòó lójú rẹ̀ fún oṣù kan gbáko.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fi ẹ̀rọ fa kànga náà gbẹ, ọkọ̀ yẹn kan náà ló ń kó omi rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni obìnrin náà bu omi sínú ìgò lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ lè máa fi fọ ilẹ̀. Mímu, rárá o. Ó ṣì máa pẹ́."

Èmi ni mo lọ sọ fún Màmá. Wọ́n wo kànga títí, wọ́n ní kí n ṣe ìdérí irin fún un. Mo ṣe é, kò sì sí irú rẹ̀ ní àdúgbò.

Láràárọ̀ báyìí, èmi fúnra mi ni mò ń gbé omi mímu wá fún Màmá láti òpópónà kejì, kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ ọ̀tún, kan lọ́wọ́ òsì.

"Ọ̀gá ti di mẹ́ruwà!" ni àwọn mẹkáníìkì á máa kígbe.

N kì í dá wọn lóhùn. Kẹ́ẹ̀gì tiwọn ò lè mọ́ tó tèmi láéláé. Tí mo bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, màá ṣí ìdérí kànga, màá ki imú bọ̀ ọ́. Màmá á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ńkọ́?"

"Ó ṣì ń rùn, Màmá."

Wọ́n á gbé kẹ́ẹ̀gì kan nílẹ̀, wọ́n á wọlé.