Bí A Ṣe Ya Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Mi

Òórùn irin gbígbóná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì bọ omi ni mo fi ń rántí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Sabon Gari. Láàárọ̀, á dà pọ̀ mọ́ òórùn òróró àwọn obìnrin tó ń dín kúlíkúlí lójú ọ̀nà France Road, títí èèyàn ò fi ní mọ èyí tó ń ta á nímú nínú méjèèjì. Bí ọyẹ́ Kánò bá ti mú ìwọ náà rí ní ìparí àwọn ọdún 1970, wàá mọ ohun tí mò ń sọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní nígbà náà, obìnrin. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì láti ọmọ ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ ẹni tó ń gún iyán. Ẹ̀yìn mi ló fi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ìgbésẹ̀ irínwó ó lé méjìlá láti ẹnu ọ̀nà wa, mo kà á. Iṣẹ́ sítọ́ọ̀ ni mò ń ṣe ní Rélùwéè, ìwọ̀n àti iye sì ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí nítorí ọmọ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò jẹ́ kó dé ẹnu géètì láìsí àgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó wá yege láti wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, apá Fagge ni ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún wà, ó jìn ju ibi tí ẹ̀yìn mi lè gbé e dé. Bí a ò bá rí ohun tí yóò máa gbé e lọ kí wọ́n tó wọlé, ilé ló máa jókòó sí.

Onílé wa, Alhaji kan ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà Singer, ló pe ìpàdé sábẹ́ igi dóńgóyárò inú àgbàlá: òun, èmi, ìyàwó mi àti wẹ́dà. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí wẹ́dà ṣe ọmọlanke kékeré, kó fi irin gígùn tí èmi yóò máa fi tì í sí i lẹ́yìn. Ta ni yóò tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Alhaji? Gbogbo wa ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú mi tiẹ̀ dùn, nítorí ọwọ́ mi ni yóò wà lórí irin náà. Ọmọ fúnra rẹ̀ wà lórí ẹní lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan.

Lọ́jọ́ tí a gbé e jáde, àwọn ọmọ àdúgbò tẹ̀ lé wa, wọ́n ń kígbe pé, "Ga mai ruwa! Nawa ne?" Wọ́n fi mí pe àwọn tó ń ti omi kiri láti tà, wọ́n ń bi mí pé èló ni. Ọmọ mi dorí kodò títí a fi padà délé. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ní òun ò gun nǹkan náà mọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù kí wọ́n wọlé.

Tíṣà kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́. Ó wá kí wa, ó rí ọmọlanke náà lára ògiri, ó sì béèrè ẹni tó rò ó. Mo ròyìn fún un. Ó ní níbi iṣẹ́ àwọn, ẹni tó máa lo nǹkan gbọ́dọ̀ wà láàárín àwọn tó ń rò ó. Olúkúlùkù á ya èrò tirẹ̀ sórí ìwé láìsọ̀rọ̀, láìkọ orúkọ, á ti ìwé náà sí ẹni tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìyẹn á fi tirẹ̀ kún un. Kò sí pípa rẹ́. Kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ pé kò ṣeé ṣe títí gbogbo rẹ̀ yóò fi parí.

"Kí ọmọdé bá wa gbìmọ̀, Tíṣà?" Alhaji ní. "Èmi tí mi ò mọ̀wé ńkọ́?"

"Àwòrán la fẹ́, Alhaji. Bó bá wọ́, yóò ṣì yé wa."

Alhaji ní ó dáa, ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá fi lè borí òun, Ògbómọ̀ṣọ́ lòun ń kó lọ.

Àwa márùn-ún jókòó yí owú tí wọ́n ń lu irin lé lórí ká nínú ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, ọmọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaji. Nígbà tí ìwé yí ká tán, Tíṣà gbà wọ́n, ó sì fi ẹfun tún gbogbo rẹ̀ yà sára ìlẹ̀kùn irin, kí a má baà mọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun kan náà wà lẹ́yìn gbogbo wọn: irin gígùn fún títì. A ò kọ orúkọ, àmọ́ kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé èmi ni.

"Ọ̀gá sítọ́ọ̀," wẹ́dà ní, "bí wọ́n bá ní ká ya bàálù, ẹ ó fi irin tí ẹ máa fi tì í sí i."

Èyí tó gbà wá lọ́kàn ni àwòrán kẹta. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Wọ́n gbé pẹ́dà rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ wá síwájú àyà, kí èèyàn lè máa fi ọwọ́ yí i. Mo ní wẹ́dà ló ni èyí, pé ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀. Wẹ́dà mi orí: ṣéènì nìkan lòun fi kún un. Alhaji béèrè ta ni. Ọmọ mi na ọwọ́.

Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Hausa ló fi máa ń fèsì. "Ni da kaina zan tuƙa," ó ní: òun fúnra òun lòun máa wà á. Ó wá wo ojú mi, ó sì fi Yorùbá sọ èyí tó kù. "Bàbá, ẹ ti pọ̀n mí tó."

Mo ní kò ṣeé ṣe. Tíṣà rán mi létí òfin, ó sì bi mí ní ohun tí mò ń bẹ̀rù gan-an. Ó ní kí n má sọ pé gbogbo nǹkan. Mo rò ó. Mo ní ibi tí ọ̀nà ti da gẹ̀rẹ́ wọ France Road ni, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ láti Singer ti máa ń yọ lójijì.

"Ìyẹn la lè wá nǹkan ṣe sí," ó ní.

A tún yí ìwé ká. Ìyàwó mi ya bíréèkì tí ọwọ́ òsì lè fà; Alhaji ya àsíá pupa sórí ọ̀pá gíga, kí dẹ́rẹ́bà lè rí i lókèèrè. Ó wá ku irin títì. Èmi fúnra mi ni mo dìde, tí mo fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún kúrò lára ìlẹ̀kùn.

Ọjọ́ méje ni wẹ́dà fi ṣe é. Láàárọ̀ ọjọ́ ìwọlé, mo tẹ̀ lé ọmọ mi, mo ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ní gẹ̀rẹ́ yẹn, ó fa bíréèkì, ó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí títì. Ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá. Ọmọ mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sọdá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí pẹ́dà bí ẹni pé wọ́n bí i sórí rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ń sáré tẹ̀ lé e, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ káwọn náà gùn. Èmi náà sáré. Mi ò bá a. Nígbà tí mo padà, Alhaji wà níwájú ilé, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wọlé wá jẹun, pé ọmọ ti lọ síléèwé.

Ọdún márùn-ún ló fi wa kẹ̀kẹ́ náà. Kò sí àárọ̀ kan tí ẹ̀rù ò bà mí. Ṣùgbọ́n mo ti wá mọ̀ pé ọdún tó pọ̀ ni mo fi ń bi gbogbo ayé léèrè nípa ọmọ tó wà lẹ́yìn mi, tí mi ò yíjú bi òun alára. Láti ìgbà náà, kí n tó ṣe nǹkan fún ẹnikẹ́ni, mo máa ń kọ́kọ́ jókòó tì í, màá bi í léèrè, màá sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn.